Àgbá Epo Mélòó Ló Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Wa, Ta Ló sì Kà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Ìgbókọ̀dá ni mò ń gbé. Ilé-iṣẹ́ epo kan wá ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn àgbà wa, wọ́n ní epo tó wà nínú pápá kan ní etíkun wa tó 60 mílíọ̀nù àgbá. Kò sẹ́ni tó wọ inú ilẹ̀ lọ wò ó. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé gbogbo 60 mílíọ̀nù yẹn ni yóò jáde? Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣírò owó tó máa kan wa.

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Ìbéèrè ìkẹyìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló kan àpò. Rárá o, kò dájú pé 60 mílíọ̀nù yẹn ni yóò jáde. Iye méjì ló wà tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn: gbogbo epo tó wà nínú àpáta, àti ìwọ̀nba tí a lè fà jáde nínú rẹ̀. Nínú ìpàdé, àti nínú ìwé ìròyìn pàápàá, wọ́n sábà máa ń dárúkọ ti àkọ́kọ́, kí olúwarẹ̀ sì gbọ́ ọ bí ìkejì. Mi ò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kàn lọ bi wọ́n léèrè pé èwo ni wọ́n sọ.

Ní ti bí wọ́n ṣe mọ̀, ìṣirò ni. Kò sẹ́ni tó wọn epo yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n títí tí èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ á fi jáde.

Kọ́kọ́ gbé èrò pé adágún epo kan wà nísàlẹ̀ kúrò lọ́kàn. Àpáta ló wà níbẹ̀. Ní Niger Delta, títí wá dé ọ̀dọ̀ yín, iyanrìn tí odò kó wá láti àìmọye ọdún ni, tí iyanrìn àti amọ̀ mìíràn bò mọ́lẹ̀ títí ó fi ṣù pọ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ìpele yẹn ní Agbada, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ epo Nàìjíríà wà. Tí o bá fọwọ́ gbẹ́ iyanrìn etí òkun, wàá rí i tí omi ń sun jáde láàárín hóró iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni epo ṣe wà láàárín hóró iyanrìn tó wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀.

Ohun márùn-ún la ní láti mọ̀ kí a tó lè ṣírò rẹ̀: bí iyanrìn elépo náà ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe nípọn tó, ìdá mélòó nínú rẹ̀ tó jẹ́ ihò láàárín hóró, ìdá mélòó nínú ihò yẹn tí epo gbà, torí omi iyọ̀ kì í kúrò níbẹ̀ tán, àti bí epo náà yóò ṣe súnkì tó nígbà tó bá dókè. Éékà kan tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan gba 7,758 àgbá. Nọ́ńbà yẹn kì í yẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù ló ń yẹ̀.

Jẹ́ ká dán an wò. Ká ní pápá kan fẹ̀ ní 1,000 éékà, iyanrìn elépo rẹ̀ nípọn ní 50 ẹsẹ̀ bàtà, ihò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, epo gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ihò náà, àgbá kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn 1.25, nísàlẹ̀ sì ń di àgbá kan péré lókè. 7,758 lọ́nà 1,000 lọ́nà 50 jẹ́ 387.9 mílíọ̀nù. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ bíi 97 mílíọ̀nù. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyẹn jẹ́ bíi 72.7 mílíọ̀nù. Fi 1.25 pín in, ó di 58 mílíọ̀nù àgbá. Ó sún mọ́ 60 tí wọ́n sọ fún yín, àbí? Èmi ni mo yan àwọn nọ́ńbà yìí, mi ò tíì rí ìwé pápá tiyín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ girama lè ṣe é tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà márààrún.

Ìfẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló máa ń tan ni jù. Lórí òkun, ọkọ̀ ojú omi kan á máa fa okùn gbọọrọ tí ẹ̀rọ agbóhùn pọ̀ lára rẹ̀, á máa yin afẹ́fẹ́ sínú omi, ìró á wọlẹ̀ lọ, á kọlu àpáta oríṣiríṣi, á sì padà. Iṣẹ́ yìí là ń pè ní seismic. Máàpù tó ń mú jáde máa ń rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n aago ni ìró náà ń fún wa: ó ń sọ ìṣẹ́jú àáyá tó fi lọ tó sì fi bọ̀. Kí aago tó di ìjìnlẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ bí ìró ṣe ń sáré tó nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Níbi tí kànga epo, ìyẹn ihò tí wọ́n lù wọlẹ̀, wà, a mọ̀ ọ́n. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí kànga, bẹ́ẹ̀ ni a ń méfò sí i.

Wo ohun tí àṣìṣe kékeré ń dá sílẹ̀. Ká ní ìjìnlẹ̀ jẹ́ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, a sì ṣi eré ìró mú pẹ̀lú ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. A ti fi 100 ẹsẹ̀ bàtà ṣì í nìyẹn. Tí ẹ̀gbẹ́ òkè abẹ́ ilẹ̀ náà bá rọra dagun ní ìwọ̀n digirí mẹ́ta, etí ibi tí epo parí sí á ti yẹ̀ ju 1,900 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Yí gbogbo pápá ká pẹ̀lú irú àṣìṣe yẹn, 1,000 éékà lè di 700, ó sì lè di 1,400. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ ibi tí epo àti omi ti pàdé tún wà níbẹ̀. Epo máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ nínú iyanrìn kan náà. Tí kànga bá gba inú iyanrìn kọjá tó sì rí ibi tí epo parí tí omi bẹ̀rẹ̀, ó dára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kànga máa ń bá epo láti òkè iyanrìn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó má rí omi rárá. Inú àwọn olùdókòwò á dùn, wọ́n á ní epo kún dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á dúró síbi tí ojú kànga rí epo mọ gẹ́lẹ́, ìyẹn ló máa kà sí ohun tó dájú. Yòókù á wà nínú ohun tó ṣeé ṣe. Bí àpáta bá sì tún là sáàárín pápá tí apá kan rì, bó ṣe wọ́pọ̀ ní Niger Delta, kò sí ẹ̀rí pé epo wà ní òdìkejì ibi tó là yẹn títí tí a bá fi lu kànga síbẹ̀.

Ní ti bó ṣe nípọn tó, kànga ló ń sọ. Tí wọ́n bá ti lu ilẹ̀ tán, wọ́n á fi wáyà sọ irinṣẹ́ kalẹ̀, wọ́n á máa fà á bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀, á sì máa ya ìlà gbọọrọ tí a ń pè ní log. Ìlà kan ń ka ìtànṣán tó ń jáde lára àpáta. Ti amọ̀ ń pọ̀ ju ti iyanrìn lọ, òun ló ń fi ibi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Ìlà mìíràn ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń kọjá. Omi iyọ̀ ń gbé iná, epo kì í gbé e. Iyanrìn tí iná ò ti kọjá dáadáa, epo tàbí gáàsì la máa ń fura sí níbẹ̀. Gus Archie, tó ń bá Shell ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò tó so iná mọ́ iye omi jáde ní 1942, a sì ń lò ó títí dòní pẹ̀lú àtúnṣe. Àtúnṣe yẹn ṣe pàtàkì fún wa níhìn-ín, torí amọ̀ tó dà mọ́ iyanrìn ń gbé iná, á sì mú kí iyanrìn tí epo wà nínú rẹ̀ jọ ti olómi lórí log.

Ohun tó máa ń là mí lójú jù ni àpáta fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá gé e jáde ní ègé roboto gbọọrọ. Gbé e sínú yàrá tó ṣókùnkùn, tan iná ultraviolet sí i. Ibi tí epo wà á máa dán yanran ní àwọ̀ ìyeyè, ibi tí amọ̀ wà á ṣú dúdú. Mo ti rí ègé tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ tí ìlà dídán àti ìlà dúdú tẹ̀ léra lára rẹ̀ láìmọye, tí òmíràn ò nípọn ju ìka lọ. Irinṣẹ́ log kò lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Á kàn da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kà. Ẹni tó bá ka ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí iyanrìn elépo ti ka amọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ti sọ epo nù.

Ihò láàárín hóró kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ ní agbègbè wa. Ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀. Sísúnkì epo náà kò le: a ń gba epo sínú ìgò irin láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìfúnpá rẹ̀, a sì ń wò ó ní láàbù. Gáàsì tó yòrò sínú rẹ̀ ló ń jáde bó ṣe ń bọ̀ lókè, ìyẹn ló ń mú kó dínkù.

Rántí pé ojú ihò kànga tí a fi mọ gbogbo èyí kì í sábà fẹ̀ ju 8½ íǹṣì lọ níbi tí epo wà. Inú ihò bẹ́ẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ nípa 1,000 éékà.

Padà sí ìṣirò wa. Tí mo bá mú gbogbo nọ́ńbà sísàlẹ̀ díẹ̀: 700 éékà, 35 ẹsẹ̀ bàtà, ihò ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, epo ìdá 68, kí 1.3 àgbá di ẹyọ kan lókè, 58 mílíọ̀nù á di nǹkan bíi 22 mílíọ̀nù. Tí mo bá gbé wọn sókè: 1,400 éékà, 65 ẹsẹ̀ bàtà, ihò 28, epo 82, àti 1.2, ó di 135 mílíọ̀nù. Pápá kan náà ni o! Kò sí èyí tó ya wèrè nínú àwọn nọ́ńbà yẹn, gbogbo wọn ló lè rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, kò wọ́pọ̀ kí gbogbo márààrún burú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí wọ́n dára pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún kọ̀ǹpútà ní ààlà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó máa mú nọ́ńbà láàárín ààlà yẹn bó ṣe wù ú, kó ṣírò rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, kó sì to èsì láti kékeré dé ńlá. Nínú èsì yẹn la ti ń mú iye mẹ́ta. P90 ni èyí tí ó dá wa lójú ní ìgbà 90 nínú ọgọ́rùn-ún pé ohun tó wà kò ní dín sí i. P50 ni ti àárín. P10 ni èyí tí ìgbà mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún la lè retí kó tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá síwájú àwọn àgbà yín tó sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí kò sọ ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè, kò tíì sọ ohun tó mọ̀ tán. Lójú tèmi, nọ́ńbà ẹyọ kan wà fún ìpolówó.

Nígbà tí epo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde, a ní ọ̀nà mìíràn tí kò nílò máàpù rárá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. A ń wo ìfúnpá abẹ́ ilẹ̀. Fa mílíọ̀nù àgbá kan jáde, kí o wo bí ìfúnpá ṣe já wálẹ̀ tó. Tó bá já wálẹ̀ wìì, pápá náà kéré. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira, pápá tóbi, tàbí kó jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń tì í láti ẹ̀yìn. Mímọ èwo nínú méjèèjì ni iṣẹ́ ọgbọ́n. Onímọ̀ epo kan tó ń jẹ́ Schilthuis ló tẹ ìṣirò yìí jáde ní 1936. A kì í sábà gbà á gbọ́ títí tí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún epo náà bá ti jáde. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sí i, tí epo bá ti ń dínkù lójoojúmọ́, a lè fa ìlà bó ṣe ń dínkù lọ síwájú, ọ̀nà tí onímọ̀ epo mìíràn, Arps, là sílẹ̀ ní 1945. Nítorí náà, iye epo pápá kan máa ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹ má rí i bí ẹ̀tàn tí wọ́n bá padà wá ní ọdún mẹ́ta òní pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn. Èyí tí kò bá yí padà rárá ló yẹ kó fu yín lára.

Wàyí o, kí ló fà á tí gbogbo epo kì í fi í jáde? Epo ń lẹ̀ mọ́ hóró iyanrìn, omi ń sáré gba ibi tó rọrùn kọjá, á sì fi epo sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ká mú gbogbo ayé pọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń jáde. Tí 58 mílíọ̀nù bá wà nínú ilẹ̀, tí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jáde, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù la rí. Oloibiri tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n rí ní oṣù kìíní ọdún 1956 ní ìjìnlẹ̀ 12,008 ẹsẹ̀ bàtà, kò fi bẹ́ẹ̀ mú ju 20 mílíọ̀nù lọ jáde kí wọ́n tó pa á tì ní 1978.

Ìdá yìí náà kì í dúró sójú kan. Ní Ekofisk, lórí òkun Norway, ìdá 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ retí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi omi òkun ti epo náà ní 1987, ó yí padà. Wọ́n ti ń retí bí ìdajì báyìí. Ní Kern River ní California, wọ́n ní 1942 pé 54 mílíọ̀nù àgbá ló kù. Nígbà tó fi máa di 1986, wọ́n ti fa ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, torí wọ́n ti ń fi ooru omi gbígbóná yọ́ epo náà. Epo inú ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ọgbọ́n tí a fi ń fà á ló pọ̀ sí i.

Owó náà wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní reserves ni epo tí a lè fà jáde kí èrè sì wà níbẹ̀ ní iye tí ọjà ń san. Tí iye bá já, reserves á dínkù láìsí pé ẹ̀kán epo kan kúrò níbi tó wà. Ní ìparí 2016, ExxonMobil yọ nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ àgbá kúrò nínú ìwé rẹ̀ nítorí Kearl, ibi tí wọ́n ti ń wa bítúmẹ́nì ní Alberta, Kánádà, torí iye epo ọdún yẹn kéré. Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Oǹdó, ronú kan Agbábù: ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ̀ pé bítúmẹ́nì wà níbẹ̀, ṣé ẹ ti rí owó rẹ̀?

Àwọn ńláńlá náà máa ń ṣi nọ́ńbà sọ, nígbà mìíràn wọ́n sì ń jìyà rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, Shell kéde pé òun ń yọ 3.9 bílíọ̀nù àgbá kúrò nínú ohun tó ti pè ní èyí tó dájú, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà. Ọ̀gá àgbà wọn, Philip Watts, kúrò nípò ní oṣù kẹta, ilé-iṣẹ́ náà sì san 120 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà àti 17 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún ti Bìrìtìkó. Kò sẹ́ni tó ní epo náà kò sí nínú ilẹ̀ o. Ẹ̀sùn ibẹ̀ ni pé wọ́n pe ohun tó ṣeé ṣe ní ohun tó dájú.

Ní ti owó tí àwọn ọ̀dọ́ yín ń ṣírò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé 60 mílíọ̀nù yẹn tì. Òfin epo rọ̀bì ọdún 2021, èyí tí a ń pè ní PIA, kò fi iye epo inú ilẹ̀ pín nǹkan kan fún ìlú tó ní ilẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé-iṣẹ́ ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún tó kọjá ló ń wọ àpò ìlú. Ìdá 13 tí ìjọba àpapọ̀ sì ń san fún ìpínlẹ̀, orí epo tó jáde gan-an ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Pápá tó tóbi lórí ìwé tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní fún Ìlàjẹ ní kọ́bọ̀.

Tí wọ́n bá tún pe ìpàdé, kí akọ̀wé yín béèrè bóyá 60 yẹn jẹ́ gbogbo epo tó wà níbẹ̀ tàbí èyí tí yóò jáde. Kó béèrè P90, P50 àti P10 rẹ̀. Kó béèrè kànga mélòó ni wọ́n ti lù, àti bóyá ọ̀kankan nínú wọn rí ibi tí epo àti omi ti pàdé. Ìdáhùn sí èyí nìkan á sọ púpọ̀ fún yín. Kó sì béèrè bóyá ẹlòmíràn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ti yẹ ìṣirò náà wò, àti iye tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n ń fún NUPRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó wíwa epo, lọ́dọọdún. Tí iye tí wọ́n sọ fún àwọn àgbà yín bá ju ti ìwé yẹn lọ, ti ìwé ni kí ẹ gbà. Ìdáhùn yòówù tí wọ́n bá fún yín, fi ránṣẹ́ sí mi, n ó bá yín wò ó.